Ẹ̀yìnkùlé ni Wọ́n Kó Àwọn Ọmọdé Lọ: Lámèyítọ́ lórí Ìkànnì CITV

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni ilé-iṣẹ́ amóhùnmáwòrán ITV ti ilẹ̀ Bírítéènì ti ìlẹ̀kùn CITV, ìkànnì tí ó yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọdé. Wọ́n ti kéde rẹ̀ láti oṣù Kẹta, nítorí náà kò ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Wọ́n kó àwọn ètò rẹ̀ lọ sí ITVX, ibùdó orí íntánẹ́ẹ̀tì níbi tí òǹwòran ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ yan ohun tí ó fẹ́ wò, wọ́n sì fi wákàtí díẹ̀ ní òwúrọ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé lórí ITV2. Àlàyé tí àwọn aláṣẹ ṣe rọrùn láti gbà: àwọn ọmọdé ti ṣí lọ sí orí íntánẹ́ẹ̀tì, ilé-iṣẹ́ náà sì ń tẹ̀ lé wọn lọ. Ohun tí mo fẹ́ jiyàn lé lórí nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé àlàyé náà kò kún tó. Àárẹ̀ tí ó pa ìkànnì yìí ní ọdún 2023 ti wà lára rẹ̀ láti ọjọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀, èyí tí ó wáyé ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 2006.

Ó ṣeé ṣe kí òǹkàwé béèrè ohun tí ó kan ilé-ẹ̀kọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ ìkànnì Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbàlagbà tí ń wá kọ́ Yorùbá lónìí, tí wọ́n bí sí Peckham, sí Hackney tàbí sí Manchester, iwájú ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ni wọ́n jókòó sí ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí àwọn òbí wọn kò tíì ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn ètò wọ̀nyí wà lára ohun tí ó fún wọn ní èdè tí wọ́n fi ń ṣe àwàdà, tí wọ́n fi ń jà, tí wọ́n sì fi ń lá àlá. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi Yorùbá kún ohun tí wọ́n ní, ó yẹ kí ó mọ ohun tí ó ti wà nílẹ̀.

Kí a tó lè sọ ohun tí ó sọnù, a ní láti padà sí bí ITV fúnra rẹ̀ ṣe rí. Nígbà tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1955, tí ó sì ń tàn kálẹ̀ láti ibẹ̀, àgbájọ àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn ni. Wọ́n pín ilẹ̀ náà sí ẹkùn-ẹkùn, ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sì gba ìwé-àṣẹ fún ẹkùn tirẹ̀: Granada ní Manchester, Anglia ní Norwich, Scottish Television ní Glasgow, Tyne Tees ní Newcastle, àti àwọn mìíràn. Owó ìpolówó ọjà ni gbogbo wọn ń jẹ. Ṣùgbọ́n ìwé-àṣẹ náà kò wá lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó bá gbà á ti gba ojúṣe mọ́ ọn, láti ṣe ìròyìn agbègbè, ètò ẹ̀sìn, àti ètò àwọn ọmọdé, yálà wọ́n mú èrè wá tàbí wọn kò mú un wá.

Ìlànà yìí kò ṣàjèjì sí ilẹ̀ Yorùbá. WNTV tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ilé-iṣẹ́ ẹkùn ni òun náà. Overseas Rediffusion ni ìjọba bá pawọ́ pọ̀ dá a sílẹ̀, ọmọ ìyá Associated-Rediffusion tí ó kọ́kọ́ gbé ètò ITV sáfẹ́fẹ́ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún mẹ́rin ṣáájú. Nítorí náà, tí a bá ń sọ̀rọ̀ ITV àtijọ́, ọ̀rọ̀ ìbátan ni a ń sọ.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1983 ni àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn náà kó ètò ọmọdé wọn tí ó máa ń wáyé ní ìrọ̀lẹ́ jọ sábẹ́ orúkọ kan, Children's ITV, èyí tí a wá gé kúrú sí CITV lẹ́yìn náà. Kì í ṣe ìkànnì nígbà náà. Wákàtí kan àti díẹ̀ ni, lórí ìkànnì ńlá tí gbogbo ilé ń wò, lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti ilé-ìwé dé. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti hàn lọ. Ìyá àgbà tí ó ń dúró de ìròyìn yóò bá ètò ọmọdé pàdé. Ọmọ tí kò tíì sùn yóò bá ìròyìn pàdé. Inú agbo ilé kan náà ni tọmọdé tàgbà wà.

Nítorí pé láti ẹkùn ni wọ́n ti ń wá, àwọn ètò náà ní ilẹ̀ tí wọ́n fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Rosie and Jim, tí Ragdoll ṣe fún Central, ń rin orí odò àtọwọ́dá nínú ọkọ̀ ojú-omi tóóró. Fun House ti Glasgow wá, pẹ̀lú ariwo tí kì í tán. Children's Ward tí Paul Abbott àti Kay Mellor dá sílẹ̀ fún Granada kò bẹ̀rù láti fi àìsàn, ikú àti ìbànújẹ́ ilé hàn àwọn ọmọdé ní ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú ohùn Àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ẹni tí ó bá ń fetí sí Lọ́ńdọ̀nù nìkan lè máà gbọ́ rárá. Press Gang, eré àwọn ọmọ ilé-ìwé tí wọ́n ń tẹ ìwé ìròyìn, ni iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí Steven Moffat kọ fún amóhùnmáwòrán.

Nínú gbogbo wọn, Knightmare ni mo kà sí èyí tí ó jinlẹ̀ jù. Tim Child ni ó dá a sílẹ̀; Anglia ní Norwich gbé e jáde láti ọdún 1987 títí di ọdún 1994. Ọmọ mẹ́rin ni ó ń kópa lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á dé ọ̀kan ní akoto tí kò jẹ́ kí ó rí iwájú, wọ́n á sì rán an wọ inú ilé òkùnkùn tí ó kún fún ewu. Àwọn mẹ́ta tí ó kù á jókòó ti Treguard, onílé náà, tí Hugo Myatt ṣe. Wọ́n á máa wo ọ̀rẹ́ wọn nínú àwòrán, wọ́n á sì máa fi ọ̀rọ̀ ẹnu darí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ní tòótọ́, yàrá òfìfo aláwọ̀ búlúù ni ọmọ náà wà. Kọ̀ǹpútà àti iṣẹ́ ayàwòrán ni ó gbé ògiri, afárá àti ọ̀gbun yí i ká lójú ẹni tí ń wò ó. Bí ẹni tí ń darí rẹ̀ bá sọ pé ọ̀tún nígbà tí ó yẹ kí ó sọ pé òsì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ já sí ọ̀gbun, eré sì parí. Àwọn tí ó já a gbà dé òpin kò pọ̀ rárá.

Àwọn bàbá wa tí wọ́n sọ rédíò ní asọ̀rọ̀mágbèsì mọ ohun tí wọ́n ń sọ: ẹ̀rọ tí ń sọ̀rọ̀ tí kì í dúró gbọ́ èsì. Knightmare fi èsì sí àárín gbùngbùn eré. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ ni ó ń gbé ọmọ là, ọ̀rọ̀ tí kò sọ dáadáa ni ó ń pa á. Lójú mi, èyí sún mọ́ àlọ́ ju bí ó ti sún mọ́ sinimá lọ, nítorí pé apàlọ́ kò lè bẹ̀rẹ̀ àyàfi bí àwọn ọmọ tí ó yí i ká bá dáhùn. Ohun mìíràn tí mo yìn nínú rẹ̀ ni pé ó gbà kí àwọn ọmọ pàdánù. Kò fún gbogbo ènìyàn ní ẹ̀bùn kí inú wọn má bà a jẹ́. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò ọmọdé tí ó tẹ̀ lé e kò ní ìgboyà yẹn.

My Parents Are Aliens, tí ó wà lórí ITV láti ọdún 1999 sí ọdún 2006, yàtọ̀ pátápátá sí i, òun sì ni mo rò pé ó yẹ kí àwa tí a ń gbé òkè òkun tún wò pẹ̀lú ojú mìíràn. Àwọn ọmọ mẹ́ta kan, Mel, Josh àti Lucy Barker, pàdánù àwọn òbí wọn. Wọ́n fà wọ́n lé Brian àti Sophie Johnson lọ́wọ́ láti tọ́. Àṣé ẹ̀dá láti ayé mìíràn ni tọkọtaya náà. Wọ́n lè pa ara dà sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ jẹ́ àwàdà, wọn kò mọ ohun tí à ń ṣe níbi àsè, wọn kò sì mọ ìdí tí olùkọ́ fi ń bínú. Àwọn ọmọ ni ó ń ṣàlàyé ayé fún wọn. Àwọn ọmọ kan náà ni ó ń pa àṣírí wọn mọ́ lójú àwọn aládùúgbò àti àwọn aláṣẹ, nítorí pé bí àṣírí bá tú, ilé ti tú náà nìyẹn.

Ọmọ àṣíkiri mọ ilé yìí. Ó mọ bí a ṣe ń dúró ti ìyá ẹni níwájú tábìlì ilé-ìwòsàn, kí a máa túmọ̀ ohun tí kò yẹ kí ọmọ ọdún mẹ́wàá gbọ́. Ó mọ bí a ṣe ń ka lẹ́tà ìjọba ìbílẹ̀ fún bàbá tí ó gbọ́n ju ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà lọ, ṣùgbọ́n tí kò mọ èdè inú rẹ̀. Eré náà kò pe ara rẹ̀ ní ìtàn àṣíkiri rí. Síbẹ̀ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó wà nínú àkọlé rẹ̀, òun kan náà ni òfin ń lò fún àlejò tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá, mi ò sì gbà pé kò sí ọmọ àlejò tí ó gbọ́ ìró rẹ̀.

Mo ní àríwísí kan. Inú eré náà, ìmọ̀ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn ju ìhà kan lọ: àwọn ọmọ ni ó mọ̀, àwọn òbí ni kò mọ̀. Ohun tí Brian àti Sophie kó wá láti ayé tiwọn, ẹ̀rín ni a fi í rín. A kì í kọ́ ọ, a kì í bèèrè bóyá ọgbọ́n wà nínú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá tí ó bá wo irú èyí lójoojúmọ́ lè rí ara rẹ̀ nínú rẹ̀ kí inú rẹ̀ dùn, kí ó sì tún kọ́ láti ibẹ̀ pé ohun ìtìjú ni ohùn bàbá òun. Ìdùnnú àti ìpalára náà jọ wà nínú eré kan ṣoṣo. Ó sàn kí a ní irú eré bẹ́ẹ̀ láti bá jiyàn ju kí a má ní nǹkan kan lọ, nítorí pé ẹnìkan jókòó kọ ọ́ fún àwọn ọmọ tí ń gbé Bírítéènì, pẹ̀lú owó Bírítéènì.

Ọ̀rọ̀ owó náà sì ni ó kàn. Òfin ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ti ọdún 1990 ṣì fi ètò ọmọdé sí ara ohun tí ITV gbọ́dọ̀ ṣe. Òfin ìbánisọ̀rọ̀ ti ọdún 2003 gbé e kúrò níbẹ̀, ó sì fi í sí ìpele kẹta, níbi tí ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti ń pinnu ìwọ̀n tí yóò ṣe. Ofcom, àjọ tí ń ṣàmójútó wọn, lè gba ITV ní ìmọ̀ràn, kò lè fi dandan lé e. Ní oṣù Kejì ọdún 2004, Granada àti Carlton dà pọ̀ di ITV plc. Àgbájọ ẹkùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Wales di ilé-iṣẹ́ kan tí ó ní àwọn onípìn-ín láti dá lóhùn. Wákàtí tí ọmọdé ń gbà ní ìrọ̀lẹ́ lórí ITV1 wá di ilẹ̀ olówó gọbọi tí ènìyàn tí kò ní owó ń gbé.

Ibí yìí ni ìkànnì náà ti wọlé. Nígbà tí wọ́n ṣí i ní ọdún 2006, ó dà bí ìgbà tí a gbé ọmọ ga: ó ti ní ilé tirẹ̀, kò ní pín yàrá pẹ̀lú ẹnikẹ́ni mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin ọdún kan náà. Ilé-iṣẹ́ náà pa ẹ̀ka tirẹ̀ tí ń ṣe ètò ọmọdé. Nígbà tí ọdún 2007 fi máa bẹ̀rẹ̀, wákàtí ọmọdé ìrọ̀lẹ́ ti kúrò lórí ITV1. Wọ́n kọ́ ilé fún àwọn ọmọdé ní ẹ̀yìnkùlé, wọ́n sì ti ìlẹ̀kùn tí ó lọ sí ilé ńlá. Ẹni tí ó bá wà ní ẹ̀yìnkùlé, kò sí àlejò tí yóò ṣèèṣì rí i, kò sì sí ẹni tí yóò tètè mọ̀ bí ebi bá ń pa á.

Ebi sì dé kánkán. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2006, Ofcom kéde pé a kò gbọ́dọ̀ polówó oúnjẹ tí ọ̀rá, iyọ̀ tàbí ṣúgà pọ̀ jù nínú rẹ̀ lákòókò ètò ọmọdé. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2009, òfin náà ti bo gbogbo ìkànnì ọmọdé pátápátá. Mi ò rí ohun tí a lè fi bá òfin yìí jà. Ìlera ọmọ ju èrè oníbisíkíìtì lọ. Ẹ̀bi tí mo dá àwọn aṣòfin ni pé wọn kò fi owó mìíràn dípò èyí tí wọ́n gbà. Wọ́n gba òròmọdìẹ lọ́wọ́ àwòdì, wọn kò sì rántí pé ó yẹ kí wọ́n fún un ní ọkà.

Àwọn ọdún tí ó tẹ̀ lé e kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Horrid Henry, tí wọ́n ṣe láti inú àwọn ìwé Francesca Simon, bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òpó tí ó gbé ilé náà ró. Kò sí ìgbà tí ènìyàn tan ìkànnì yẹn tí kò ní bá a níbẹ̀. Thunderbirds Are Go ti ọdún 2015 fi hàn pé nígbà tí owó bá wà, ọgbọ́n ṣì wà. Ṣùgbọ́n àtúnwò àti ètò tí a rà láti òkèèrè ni ó gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ní ọdún 2009, ITV ti ìlẹ̀kùn Cosgrove Hall ní Manchester, ilé tí wọ́n ti ya Danger Mouse. Nígbà tí Danger Mouse padà sí orí amóhùnmáwòrán ní ọdún 2015, orí CBBC ni ó padà sí. Ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2013 ẹ̀wẹ̀, láti ṣe àyájọ́ ọgbọ̀n ọdún, CITV fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbé Knightmare, Fun House àti àwọn ẹgbẹ́ wọn padà. Àwọn àgbà tí wọ́n ti di òbí sáré wá wò ó. Ayẹyẹ tí ó dùn ni, ṣùgbọ́n ó tún jẹ́ ẹ̀rí lòdì sí onílé, nítorí pé ohun tí àwọn ilé-iṣẹ́ ẹkùn ṣe sílẹ̀ ni ó pe èrò jọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ gbèjà ITV yóò sọ pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí íntánẹ́ẹ̀tì. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọdé lọ. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022, BBC pàápàá kéde pé CBBC yóò fi ìkànnì sílẹ̀ fún orí íntánẹ́ẹ̀tì bí àkókò ti ń lọ. Ṣùgbọ́n BBC, tí ó dá CBBC àti CBeebies sílẹ̀ ní ọdún 2002, kò dá ṣíṣe ètò tuntun dúró nígbà tí àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Íntánẹ́ẹ̀tì kan náà ni, àwọn ọmọ kan náà sì ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé ọ̀kan ní owó tí gbogbo ìlú ń san àti ojúṣe tí kò lè bọ́ sílẹ̀. Èkejì ti bọ́ tirẹ̀ sílẹ̀ láti ọdún 2003. Àwọn kan gbìyànjú láti dá ojúṣe náà padà. Floella Benjamin, ọmọ Trinidad tí àwọn ọmọ Bírítéènì mọ̀ láti orí ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán kí ó tó di ọmọ Ilé Àwọn Ọlọ́lá, wà lára àwọn tí ó jà tí òfin ọdún 2017 fi dá agbára díẹ̀ padà fún Ofcom lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìjọba sì gbé owó ìrànlọ́wọ́ kan kalẹ̀ fún ètò ọmọdé, èyí tí British Film Institute pín láti ọdún 2019. Ọdún mẹ́ta péré ni ó fi wà. Ó parí ní ọdún 2022, ọdún kan kí wọ́n tó ti CITV.

Ibi tí ó ti kan àwa ni ohun tí ó rọ́pò ìkànnì. Lórí ITVX, kò sí ohun tí ọmọ lè ṣèèṣì bá pàdé, bẹ́ẹ̀ ni kò sí wákàtí kan tí ọmọ Adébáyọ̀ àti ọmọ Smith jọ ń wo ohun kan náà, tí wọn yóò fi rí ọ̀rọ̀ bára wọn sọ ní ọ̀la ní ilé-ìwé. Àgbà ni ó gbọ́dọ̀ ṣí ilẹ̀kùn, kí ó sì mọ ohun tí ó ń wá. Fún èdè tí ó lágbára bíi Gẹ̀ẹ́sì, ìpalára náà mọ níwọ̀n, nítorí pé Gẹ̀ẹ́sì wà ní ibi gbogbo tí ọmọ bá yí ojú sí. Àwọn tí ń sọ èdè Welsh mọ ìyàtọ̀ náà. Ìkànnì S4C wọn wà láti ọdún 1982. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2008, wọ́n dá Cyw sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ kéékèèké, pẹ̀lú owó ìlú. Ìkànìyàn ọdún 2021 rí ènìyàn bí 538,000 ní Wales tí wọ́n lè sọ èdè náà, iye tí kò tó ti ìlú ńlá kan ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní Cardiff lónìí, bí ó bá tan ẹ̀rọ ní òwúrọ̀ kí ìyá rẹ̀ tó jí, yóò gbọ́ Welsh láìjẹ́ pé ó wá a. Láti gbọ́ Yorùbá, ìyá rẹ̀ ní láti jí, kí ó sì tẹ orúkọ ohun tí ó ń wá sínú fóònù.